Pápá Ìṣeré Grambling: Kíkọ́ Kò Le Tó Títọ́jú

Ọjọ́ ìṣílé nìkan kọ́ ni à ń mọ ẹni tó ní ilé. Ẹni tó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ, kí ó wo ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ènìyàn dúdú tí ń jẹ́ Grambling, ní ìpínlẹ̀ Louisiana, nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Àwọn àgbẹ̀ dúdú agbègbè náà ni wọ́n dìde wá ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Booker T. Washington, òun sì rán Charles P. Adams sí wọn. Ní 1901 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀.

Ní 1941, Eddie Robinson, ọmọ ọdún 22, gba iṣẹ́ olùkọ́ni bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa o. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, tí wọ́n sì ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Owó kò sí. Robinson fúnra rẹ̀ ni ó ń gé koríko pápá, òun ni ó ń di ẹsẹ̀ ẹni tó fara pa, òun náà ni ó ń kọ ìròyìn eré ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn. Nígbà tí bàbá àwọn ọmọ kan ní kí wọ́n wá ká òwú lóko, Robinson kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ bá a ká a, kí àwọn ọmọ náà lè ráyè gbá bọ́ọ̀lù.

Títí di 1997 ni ó fi wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìgbà 408 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ borí. Ó lé ní 200 ọmọ rẹ̀ tó fi bọ́ọ̀lù jẹun.

Ní 1983 ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré ńlá tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lónìí. Ó gba èrò bí 19,600. Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni èrò ń wá wò níbẹ̀. Báńdì ilé-ẹ̀kọ́ náà lókìkí, bí wọ́n bá bọ́ sí pápá ní ìdajì eré, ìran ni.

Ṣùgbọ́n ìjọba ìpínlẹ̀ ń gé owó ilé-ẹ̀kọ́ náà kù, títí ó fi dín ju ìdajì lọ. Ní oṣù kẹwàá 2013, àwọn agbábọ́ọ̀lù figbe ta: ilé tí wọ́n ń lò hu èébu, ilẹ̀ iyàrá tí wọ́n ti ń gbé irin ti bàjẹ́, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń jókòó sí fún ọ̀pọ̀ wákàtí lọ síbi eré. Wọ́n kọ̀, wọn kò wọ ọkọ̀ lọ sí Jackson, ní Mississippi. Wọ́n fi ayò náà fún ẹgbẹ́ kejì.

Àwọn kan ní àwọn ọmọ náà ba orúkọ bàbá wọn jẹ́. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Ta ni ó ba orúkọ náà jẹ́, ẹni tó pariwo pé ilé ń jò ni, tàbí ẹni tó ń wò ó tí kò tún un ṣe? Àwọn ọmọ náà padà sẹ́nu eré láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì di 2016, Grambling gba ife-ẹ̀yẹ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì dúdú.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti oníṣòwò tí ẹ ń dáwó fún pápá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ bi àwọn ìgbìmọ̀ léèrè kí ẹ tó na ọwọ́ sápò: ta ni yóò máa gé koríko rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?