Irin Tí Ó Yẹ fún Ìlu Páànù Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó bá ní ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé páànù onihò ara rẹ̀ kì í pẹ́ kúnu. Bí eyín rẹ̀ bá ti kúnu, ẹ̀gẹ́ kì í kúnná mọ́. Nígbà náà ni a ó gbé òòlù àti ìlu, èyíinì ni irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí a fi ń lu ihò, a ó sì lu páànù tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fi ìṣó lásán ṣe é.

Ìṣó kò burú fún páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n páànù funfun tí kì í dípẹtà, èyí tí mo máa ń gbà yín níyànjú láti lò nítorí pé omi ẹ̀gẹ́ a máa jẹ irin lásán, tún ń le sí i bí a ti ń lù ú. Láìpẹ́, ẹnu ìṣó yóò ti tẹ́, ihò tí ó bá sì lu kò ní ní eyín mímú.

Èédú tí ó wà nínú irin ni ó fa èyí. Irin ìṣó kì í sábà ní ju 0.2 èédú lọ nínú ìwọ̀n 100. Bí ẹ tilẹ̀ rì í bọ omi nígbà ogún, kò ní le. Irin sípíríǹgì ọkọ̀ ní bí 0.6, fáìlì ní 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé fáìlì ni kí a mú nígbà náà. Èmi náà ṣe é rí. Ẹnu ìlu náà ṣẹ́ sórí páànù, a sì fi odindi wákàtí kan wá èérún rẹ̀ kí ó má baà bá ẹ̀gẹ́ lọ sínú gàrí ọlọ́jà. Ẹnu dìríìlì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ má ṣe fi òòlù lù ú láé.

Sípíríǹgì ọkọ̀ ni mo yàn, pàápàá èyí tí ó ká jọ bí ejò, tí ó nípọn tó ìka ọwọ́. Ẹ má ra èyí tí ó ti sán. Kí alágbẹ̀dẹ nà án gbọọrọ nígbà tí ó bá pọ́n nínú iná, kí ó sì lọ ẹnu rẹ̀.

Ìrì rẹ̀ ni ó gba ìfarabalẹ̀. Kí ó mú ìwọ̀n ínṣì méjì láti ẹnu rẹ̀ gbóná, títí òòfà, irú èyí tí ó wà lẹ́yìn gbohùngbohùn rédíò àtijọ́, kò fi ní lè fà á mọ́. Lójú kan náà ni kí ó tì í bọ àdín tàbí epo pupa, kí ìdérí sì wà nítòsí nítorí iná. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa fẹ́ràn omi. Ẹ bá wọn sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, nítorí omi lè mú kí irú irin yìí sán. Bí fáìlì bá yọ̀ lára ẹnu rẹ̀ láìjẹ ẹ́, ó ti le.

Ó ti le jù pẹ̀lú. Ẹ fi yanrìn fọ ẹnu náà títí yóò fi dán, kí ẹ wá máa yá orí rẹ̀ níná díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí àwọ̀ koríko gbígbẹ tí yóò máa rìn bọ̀ wá sí ẹnu, lẹ́yìn náà àwọ̀ ilẹ̀, lẹ́yìn náà èsè àlùkò. Bí èsè àlùkò bá kan ẹnu, ẹ rì í bọ omi kíákíá, kí àwọ̀ aró má baà dé ibẹ̀, nítorí a fẹ́ kí ẹnu náà mú pẹ́.

Orí tí òòlù ń bà kò gbọdọ̀ le. Bí ó bá wá fẹ̀ bí olú, ẹ lọ etí rẹ̀ kúrò kí ẹ tó tún lù ú, nítorí èérún rẹ̀ a máa fò wọ ojú.