Kratos, Ẹja Tí Wọ́n Ká Kó Tó Dé Orí Iná

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé ọjà Kpata ní Lọ́kọ́ja rí, ẹ ó ti rí ẹja àrọ̀ yíyan tó ká bí òrùka. Iná kọ́ ló ká a. Nígbà tó ṣì tutù, tó ń yọ̀ bọ̀rọ́ lọ́wọ́, ni ìyá ẹlẹ́ja ti fa ìrù rẹ̀ wá bá ẹnu, tó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gún un kó má baà tú. Èéfín wá parí iṣẹ́. Bí ẹ bá fa igi yẹn yọ nílé, ẹja ò ní nà. Bí ẹ bá sì fagbára nà án, á ṣẹ́ sí yín lọ́wọ́.

Bí Kratos ṣe di ìkà nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ lè ṣàjèjì sí àgbàlagbà, àmọ́ ẹ bi àwọn ọmọ tó ń gbá PlayStation nílé géèmù. Òun ni ọkùnrin tí ara rẹ̀ funfun bí eérú, tí ilà pupa gba ojú rẹ̀ kọjá, nínú God of War, eré tí Santa Monica Studio ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2005.

Mi ò ní bá yín bo ìwà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú apá kẹta, tó jáde ní 2010, ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ńlá kan nílé Poseidon, òrìṣà òkun. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń yí kó tó ṣí, bí ẹ bá sì fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀kùn á tún já lulẹ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè. Kratos wọ́ ọ, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sunkún, kò gbọ́. Ó fi obìnrin náà há kẹ̀kẹ́ kí ilẹ̀kùn má baà já, ó bá tirẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ rún obìnrin náà pa. Ẹni tó ń gbá géèmù ló sì tẹ bọ́tìnnì tó fi wọ́ ọ débẹ̀ o.

Ta ló wá ká ẹja yìí? Sparta ni wọ́n bí i sí. Ìlú yẹn wà ní ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́ lóòótọ́, ọmọ ọdún 7 ni wọ́n sì ti ń gba ọmọkùnrin lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lọ sí àgọ́ ológun. Kratos dàgbà, ó di balógun. Lọ́jọ́ kan, ọba ọ̀tá gbé òòlù sókè láti fọ́ ọ lórí, ló bá ké sí Ares, òrìṣà ogun: gbà mí, èmi di tìrẹ. Ares gbà á. Ó fún un ní idà méjì tó so mọ́ ẹ̀wọ̀n, ó sì fi iná lẹ ẹ̀wọ̀n náà mọ́ ẹran apá rẹ̀. Láti ìgbà náà, ibi tí wọ́n bá rán an ló ń lọ pa. Ó dé abúlé kan, ìyá arúgbó kìlọ̀ fún un kó má wọ ilé òrìṣà, ó wọ̀ ọ́. Nígbà tí ojú rẹ̀ fi máa dá, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ ló pa sílẹ̀ yẹn. Ares ló kó wọn síbẹ̀, kí jagunjagun rẹ̀ má baà nílé tó ń wò lẹ́yìn mọ́. Ìyá arúgbó gégùn-ún fún un, eérú òkú aya àtọmọ lẹ̀ mọ́ ọn lára títí ayé.

Ẹni tó gbọ́ ìtàn Ògún ní Ìrè á ti máa mi orí. Òun náà pa àwọn ará ìlú rẹ̀ nínú ìbínú. Ṣùgbọ́n Ògún rí ilẹ̀ wọ̀. Kratos bẹ́ láti orí òkè, àwọn òrìṣà gbé e padà.

Kó tó bẹ́, ọdún 10 ló ti fi sin wọ́n kí wọ́n lè gba àlá burúkú lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dárí jì í, wọ́n kọ̀ láti pa ìrántí rẹ́. Lójú tèmi, ibí yìí làwọn tó kọ ìtàn náà ti gbọ́n jù. Àwọn kan á ní, nígbà tí ayé ti ṣe é báyìí, kí la tún fẹ́ bá a wí sí? Mi ò sí níbẹ̀. Obìnrin ẹnu ilẹ̀kùn yẹn ò bá Ares dìtẹ̀ kankan.

Ní 2018, apá tuntun tí Cory Barlog darí jáde, Kratos sì ti di onírùngbọ̀n ní ilẹ̀ olótùútù. Ìyàwó rẹ̀ kejì ti kú, ó ku òun àti Atreus, ọmọ wọn. Aṣọ ló fi wé apá kí ojú ọgbẹ́ ẹ̀wọ̀n má baà hàn. Ọmọ ta àgbọ̀nrín kan lọ́fà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dúḿbú rẹ̀, bàbá di ọwọ́ náà mú, ó ti ọ̀bẹ wọlé. Lẹ́yìn náà, Kratos na ọwọ́ kó gbé e lé ọmọ léjìká, ọwọ́ dúró lófuurufú, ó sì fà á padà.

Ẹja tútù lọmọ yẹn, ẹni tó sì kù láti tọ́ ọ ti ká tipẹ́. Ẹ̀yin ìyá ilé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹja gbígbẹ: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nínú abọ́, láìkánjú. Bẹ́ẹ̀ ni eré náà ṣe lọ. Ó pẹ́ kí Kratos tó lè sọ fún Atreus pé òun ti pa ẹni tó yẹ àtẹni tí kò yẹ, pé òun pa bàbá òun fúnra òun. Ìgbà tí Ragnarök, apá tó tẹ̀lé e, fi jáde ní 2022, bàbá àtọmọ ti ń dì mọ́ra. Ẹ̀yìn ẹja ṣì tẹ̀ nínú ọbẹ̀ o, àmọ́ ó ti rọ̀.

Bí ọmọ yín bá ti gbá apá kẹta dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, ẹ má fi ariwo bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í bó ṣe rí lára rẹ̀ nígbà tó tẹ bọ́tìnnì.