Ẹ Má Dí Ojú Atẹ́gùn Ilé Humanities n'Ífẹ̀

Òkè ilé Humanities nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè rò pé ẹwà lásán ni wọ́n ń wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àjà kọ̀ọ̀kan yọ síta ju èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń ṣíji bò ó, kí oòrùn má baà ràn wọlé tààrà, kí fèrèsé sì lè wà ní ṣíṣí kódà bí òjò bá ń rọ̀. Atẹ́gùn ni wọ́n fi ṣe amúlétutù. Arieh Sharon, ayàwòrán-ilé ará Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ló yà á, nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ń dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀. Ìbàdàn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, kí wọ́n tó kó lọ sí Ifẹ̀ ní 1967.

Láti ìgbà náà, ìjọba àpapọ̀ ti gba ilé-ẹ̀kọ́ náà ní 1975, orúkọ Awólọ́wọ̀ dé orí rẹ̀ ní 1987, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń pọ̀ sí i. Ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ di ibi ìwé kíkà òru àti ìpàdé ẹgbẹ́. Èrò mi ni pé àyè tó ṣí sílẹ̀ nínú rẹ̀ ló jẹ́ kó lè gba gbogbo èyí, bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ agbo-ilé ṣe ń gba àlejò, iṣẹ́ ọwọ́ àti eré ọmọdé. Ìdí nìyí tí mo fi lòdì sí dídí àyè wọ̀nyí láti fi ṣe ọ́fíìsì.

Àwọn kan á ní ooru ti pọ̀ jù, pé kọ̀ǹpútà nílò amúlétutù. Òótọ́ ni. Ẹ ti yàrá ẹ̀rọ pa, kò burú. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ta ló fẹ́ jókòó nínú yàrá tí kò ní ojú atẹ́gùn? Àwọn mìíràn á ní àjèjì ló ya ilé náà, kí ló kàn wá? Àwọn ayàwòrán-ilé Nàìjíríà bá a ṣiṣẹ́, owó kòkó sì wà lára ohun tó gbé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ró. Tiwa ni.

Kí àwọn aláṣẹ kọ́kọ́ yẹ àwòrán Sharon wò kí wọ́n tó mọ ògiri tuntun kankan síbẹ̀.