Chrome ń gan lẹ́yìn tí ẹ yí Windows padà? Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n format kọ̀ǹpútà yín

Láti ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, tí iléeṣẹ́ Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró fún gbogbogbòò, ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti gbé kọ̀ǹpútà wọn bọ́ sórí Windows 11. Àwọn kan ò sì tíì gbádùn ẹ̀. Wọ́n á ṣí Chrome, kò ní pẹ́ tí yóò fi gan pa sójú kan, kò ní lọ, kò ní bọ̀. Oníbàárà wà níwájú, ìwé tó fẹ́ kí wọ́n bá òun tẹ̀ jáde wà nínú íméèlì tí kò ṣeé ṣí.

Kì í ṣe òní nirú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní òpin oṣù kẹrin, ọdún 2018, Microsoft gbé àtúnṣe ńlá kan jáde fún Windows 10. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ariwo ta pé Chrome ń gan. Iléeṣẹ́ náà gbà pé òótọ́ ni, wọ́n ní kí àwọn èèyàn tẹ bọ́tìnnì Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti fi jí ojú kọ̀ǹpútà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, oṣù karùn-ún, àtúnṣe tó yanjú ẹ̀ jáde, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ lọ sí Windows Update, kí ẹ gba ohun tó bá wà níbẹ̀, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni.

Èyí tó léwu jù ni kó gan níbi tí ẹ ti ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó ọjà fún yín. Ẹ má sáré san án lẹ́ẹ̀kejì o! Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù wo àkáǹtì yín bóyá owó ti kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc, ẹ mú Chrome níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ End task.

Lọ́pọ̀ ìgbà, driver ló ń fa wàhálà yìí, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí Windows àti ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà gbọ́ ara wọn yé. Windows ti di tuntun, driver ṣì jẹ́ ti àtijọ́. Chrome sì rèé, ẹ̀rọ àwòrán yìí ló máa ń gbé iṣẹ́ fún kó lè yára. Láti mọ̀ bóyá òun ni, ẹ lọ sí Settings nínú Chrome, ẹ wọ System, kí ẹ pa "Use graphics acceleration when available," kí ẹ sì tún Chrome ṣí. Bí kò bá gan mọ́, ọwọ́ ti tẹ olè. Ẹ lọ gba driver tuntun lójú òpó iléeṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà yín gan-an, kí ẹ sá fún àwọn tó ń pín driver ọ̀fẹ́ káàkiri, kòkòrò ló máa ń wà nínú púpọ̀ wọn.

Bí ìyẹn ò bá ràn án, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti N. Bó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú ojú tuntun tó ṣí yẹn, ọ̀kan nínú àwọn extension tí ẹ so mọ́ Chrome ni ẹlẹ́bi, ẹ máa pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti ẹni tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4GB péré, iye tó kéré jù tí Windows 11 lè gbà nìyẹn, àfi kó fi kún un.

Tó bá wá di dandan pé kí wọ́n format ẹ̀, ẹ rántí pé inú Chrome ni ọ̀pọ̀ yín kó password sí. Ẹ kó wọn jáde sórí flash kó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì pa fáìlì náà rẹ́ tí ẹ bá ti dá wọn padà, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i ló lè kà á. Ẹni tó gba Windows 11 lé orí Windows 10 ṣì lè padà sẹ́yìn láàárín ọjọ́ mẹ́wàá: Settings, System, Recovery, kó sì tẹ Go back. Ṣùgbọ́n bó bá ti pa fódà tí wọ́n ń pè ní Windows.old rẹ́ nítorí àti rí àyè, ọ̀nà yẹn ti dí.