Ọ̀rọ̀ Ọjà: Bí a ṣe lè fi owó tí kò pọ̀ to kọ̀ǹpútà géèmù

 

Ọ̀rọ̀ ọjà tòní kì í ṣe ti àgbàdo tàbí epo pupa. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ wa fi ń gbá géèmù. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Owó epo, owó gàrí àti owó èsúsú ni ọmọ máa wá tọrọ nígbà tó bá fẹ́ rà á. Òmíràn fẹ́ fi ṣeré nílé, òmíràn fẹ́ fi ṣí ilé géèmù kó lè máa rí nǹkan díẹ̀ lójúmọ́. Tí ẹ bá rà á bó ṣe yẹ, á pẹ́ lọ́wọ́ yín, ọmọ náà á sì tún lè fi kọ́ iṣẹ́. Tí ẹ bá rà á bí kò ṣe yẹ, owó wọgbó nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ibi tí iṣẹ́ wà ni kí ẹ fi owó sí, ẹ má fi sí ibi tí ẹwà wà.

Ẹ jẹ́ ká wo Kútọnù. Ilé ìmọ̀ ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Blolab. Wọ́n máa ń kó ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àtijọ́ jọ, wọ́n á tò ó sínú bídọ̀n, wọ́n á sì pe kọ̀ǹpútà náà ní Jerry. Bídọ̀n o, irú èyí tí a fi ń gbé kpayo kọjá ní Igolo! Kọ̀ǹpútà inú bídọ̀n yẹn sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí i pé àpótí kì í ṣe kọ̀ǹpútà? Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ọlọ́jà bá ń fi àpótí onígíláàsì hàn yín, tí iná pupa àti iná búlúù ń tàn yanranyanran nínú rẹ̀, ẹ rántí bídọ̀n.

Kí ló wá wà nínú àpótí? Nǹkan mẹ́fà ni. Mo máa pe orúkọ tí ẹ ó gbọ́ ní Kútọnù àti èyí tí ẹ ó gbọ́ ní Èkó, torí ọjà méjèèjì là ń ná.

Àkọ́kọ́ ni processeur, tí ará Èkó ń pè ní processor. Òun ni ọpọlọ, òun ló ń ṣe ìṣirò. Ìkejì ni RAM. Ẹ rò ó bíi tábìlì tí alásè ń to ọbẹ̀ lé: tí tábìlì bá kéré, iṣẹ́ á máa falẹ̀. Ìkẹta ni SSD. Àká ni, ibẹ̀ ni géèmù ń sùn sí. Ìkẹrin ni carte graphique, graphics card ní Èkó. Òun ló ń ya àwòrán tí ẹ ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, òun sì ni géèmù ń lò jù. Ìkarùn-ún ni carte mère, tàbí motherboard, pátákó tí gbogbo wọn ń so mọ́. Ìkẹfà ni alimentation, tàbí power supply, tó ń pín iná fún wọn.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ bi ọmọ léèrè: géèmù wo lo fẹ́ gbá? Kó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Gbogbo géèmù ló ní ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é sọ pé kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní. Ẹ wo géèmù bọ́ọ̀lù EA Sports FC 25 tó jáde ní 2024. Ìwọ̀nba tó kéré jù tó ń béèrè ni RAM 8 GB, àyè 100 GB nínú àká, àti carte graphique bíi GTX 1050 Ti tó ní 4 GB. Ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù yìí nìkan ló fẹ́ gbá, kí ló fẹ́ fi carte olówó gọbọi ṣe?

Ọ̀nà méjì ló wà láti rà á.

Ọ̀nà kìíní ló rọrùn fún ẹni tí owó rẹ̀ kéré: ẹ ra kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀, ẹ fi carte graphique kún un. Ẹ ó rí Dell OptiPlex, HP EliteDesk tàbí Lenovo ThinkCentre. Ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 dáadáa. Tó bá jẹ́ i5-8500, ìran kẹjọ nìyẹn. Tó bá jẹ́ i5-4570, ìran kẹrin ni. Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń fẹ́ ìran kẹjọ sókè tó bá jẹ́ ti Intel. Nítorí náà, tí wọ́n bá fún yín ní ìran kẹrin ní ọ̀pọ̀, ẹ ti mọ ìdí tó fi pọ̀.

Alimentation inú àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yìí kò lágbára púpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò tó 300 wáàtì. Carte tó ń gba gbogbo iná rẹ̀ láti ara pátákó ni kí ẹ rà, tí kò nílò okùn iná mìíràn. Irú wọn kì í ju 75 wáàtì lọ. GTX 1050 Ti àti GTX 1650 wà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, torí àwọn kan nínú wọn ní ojú okùn. Tí àpótí bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, carte kúkúrú nìkan ló máa wọ̀ ọ́. Ẹ wọn àyè kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ ra ẹ̀yà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká ní 300.000 sẹ́fà ló wà lọ́wọ́, láì ka ojú kọ̀ǹpútà àti bọ́tìnnì mọ́ ọn. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, 30.000 lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà mẹ́ta fún carte graphique, ìyẹn 90.000. Ọ̀nà méjì fún processeur, 60.000. Ọ̀nà kan àtààbọ̀ fún carte mère, 45.000. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan fún RAM, SSD àti alimentation, 90.000 nìyẹn lápapọ̀. Ààbọ̀ ọ̀nà tó kù, 15.000, ni ti àpótí. N kò sọ pé iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà nìyí o. Bí owó ṣe yẹ kó pín ni mò ń sọ.

Àwọn ẹ̀yà yìí gbọ́dọ̀ bára wọn mu, bí ìdérí ṣe ń bá ìkòkò mu. Processeur AMD kò lè wọ pátákó Intel. RAM DDR4 kò lè wọ ojú DDR5. Tí lẹ́tà F bá wà ní ìparí orúkọ processeur Intel, bíi i5-12400F, kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, àfi tí carte graphique bá wà. Ṣùgbọ́n Ryzen 5 5600G lè gbé e jáde. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pé lè fi irú èyí bẹ̀rẹ̀, kó máa gbá géèmù tí kò wúwo, kó wá ra carte nígbà tí owó bá dé. Tí RAM 16 GB lẹ bá sì fẹ́, méjì oní-8 yá ju ẹyọ kan oní-16 lọ.

Ẹ fetí sí ti iná yìí, torí ó lè jó nǹkan. Iná tiwa jẹ́ 220 fóòtì. Àwọn alimentation àtijọ́ kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Tó bá wà ní 115 tí ẹ sì kì í bọ iná, á bú gbàù. Ẹ tì í sí 230 kí ẹ tó ki okùn. Okùn tó bá ti Nàìjíríà wá ní eyín mẹ́ta tó nípọn, kò wọ ojú iná tiwa. Ẹ ra okùn mìíràn, ẹ má gé e kí ẹ máa lọ́ wáyà pọ̀. Ẹ má sì ra alimentation tí kò ní orúkọ tó sì fúyẹ́ bí ìgbá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣọ́ owó ná, tó bá sì bàjẹ́, ó lè ba àwọn yòókù jẹ́.

Ní ti ẹ̀tàn ọjà, àwọn kan máa ń yí orúkọ carte àtijọ́ padà, á máa pe ara rẹ̀ ní 1050 Ti. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ GPU-Z tó máa ń tú wọn fó. Àwọn carte mìíràn wà tí wọ́n ti fi wa owó Ethereum tọ̀sán-tòru kí ìyẹn tó dópin ní oṣù kẹsàn-án 2022. Wọn kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ ní kí ọlọ́jà gbé géèmù sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níwájú yín. Tó bá kọ̀, ẹ̀yin náà ẹ kọ owó.

Ẹni tó bá fẹ́ gba Ìdìrókò lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, kó ṣírò owó ọkọ̀, owó ẹnubodè àti ìyípadà náírà mọ́ ọn. Kó tún bi ara rẹ̀ pé: tó bá bàjẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ta ló máa gbé e padà? Nígbà míì, èyí tó wọ́n díẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ló rọjú jù. Ibikíbi tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí rèé. Ẹ pe ọ̀dọ́ kan tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà. Kó sọ géèmù tó fẹ́, kó to ẹ̀yà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, kó sì sọ iye tó fẹ́ ná lórí ìkọ̀ọ̀kan. Kí àwọn àgbà bi í léèrè lórí iná àti àpótí. Tó bá lè dáhùn, ẹ ti mọ̀ pé owó yín kò ní wọgbó.