Jẹjẹrẹ Ẹnu Ilé-Ọmọ: Ǹjẹ́ Àrùn Ìdílé Ni?

Bí jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ bá pa ìyá kan, tí ó sì tún mú àbúrò rẹ̀ lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn: "Àrùn ìdílé wọn ni." Ọmọbìnrin ilé náà tí ó bá gbọ́ èyí yóò máa fi ìbẹ̀rù retí ọjọ́ tí yóò kàn án. Ó yẹ kí a mọ ibi tí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà dé.

Kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní HPV ni ó ń fa àrùn yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Harald zur Hausen, ọmọ Jámánì, ni ó tú àṣírí náà, ó sì gba Ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008. Ìbálòpọ̀ ni kòkòrò náà ń bá ràn. Ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí aya tí kò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ fi lè kó o. Nítorí náà, kò tọ́ kí a fi aláìsàn ṣẹ̀sín.

Bí ó bá wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí ìwọ̀nba obìnrin nìkan fi ń ní jẹjẹrẹ? Ìdí ni pé ara ọ̀pọ̀ jù lọ a máa lé kòkòrò náà jáde láàárín ọdún méjì. Ibí ni àbùdá ti kó ipa tirẹ̀. Àwọn apilẹ̀ àbùdá kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ HLA. Iṣẹ́ wọn ni láti fi àmì ọ̀tá han àwọn ẹ̀ṣọ́ ara. Wọ́n yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí ojú ṣe yàtọ̀. Ti ẹnìkan a máa fi ọ̀tá yìí hàn kedere; ti ẹlòmíràn kì í tètè fi í hàn, kòkòrò a sì ráyè fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ ní Sweden kéde pé bí àrùn náà bá mú obìnrin kan, ewu rẹ̀ fún ìyá tí ó bí i àti fún arábìnrin rẹ̀ súnmọ́ ìlọ́po méjì ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún ìyá tí ó kàn gbà á tọ́.

Ẹ kíyè sí i: kì í ṣe àrùn ni a jogún bí kò ṣe bí ògiri ilé ti lágbára tó. Bí ògiri kò bá sì lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dí ẹnu ògiri náà, ó sì dára jù kí ọmọbìnrin gbà á kí ó tó mọ ọkùnrin. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ti ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ẹ ti lé ní 30 ọdún, àyẹ̀wò ni tiyín. Àrùn yìí a máa lo ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó di jẹjẹrẹ, a sì lè wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sàn pátápátá.

Ìdílé tí ó ti ṣọṣẹ́ rí kò ní ìdí láti máa fi ara pamọ́. Ìdí ni ó ní láti tètè dìde ju àwọn yòókù lọ.