DÍŃGÍ Ẹ̀GBẸ́ DÁNFÓ FỌ́: TA NI YÓÒ RA Á, TA NI YÓÒ JÌYÀ RẸ̀?

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń jí lọ sọ́jà kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ ń gbé irinṣẹ́ wọ dánfó lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí gbogbo wa ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí ń bẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ díńgí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni.

Ẹ wo àwọn dánfó àtijọ́ tó ṣì kù nígboro, pàápàá Volkswagen tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní Jámánì ní 1979. Òmíràn, díńgí rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bí okùn aláǹtakùn. Òmíràn, gíláàsì ti bọ́, ilé rẹ̀ lásán ló kù. Òmíràn sì rèé, rọ́bà ni wọ́n fi so ó mọ́ ilẹ̀kùn. Tẹ́ ẹ bá bi dẹ́rẹ́bà, á ní kò sí wàhálà, òun mọ bí òun ṣe ń wa ọkọ̀ òun. Wàhálà wà o!

ÌJÀ ỌLỌ́KỌ̀ ÀTI DẸ́RẸ́BÀ

Kí ló dé tí ohun kékeré bẹ́ẹ̀ fi ń pẹ́ nílẹ̀? Ọ̀rọ̀ owó ni. Dẹ́rẹ́bà á ní ọkọ̀ kì í ṣe tòun, kí ọlọ́kọ̀ ra gíláàsì. Ọlọ́kọ̀ á ní ẹni tó lọ fi ọkọ̀ gbá ọkọ̀ ẹlòmíràn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni kó ra á. Owó tí dẹ́rẹ́bà ń kó fún ọlọ́kọ̀ lójoojúmọ́ kò lè dúró, owó epo kò lè dúró, díńgí ni yóò dúró. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni yóò jìyà rẹ̀. Ta wá ni koríko? Ìyá tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sọ̀ kalẹ̀ ni, ọmọ iléèwé ni, ọlọ́kadà ni.

ỌWỌ́ Ọ̀TÚN NI EWU WÀ

Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òsì tó sì ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Dẹ́rẹ́bà jókòó sí òsì, ilẹ̀kùn èrò wà lọ́tùn-ún. Ibẹ̀ ni kọ̀ńdọ́ ti ń so rọ̀, ibẹ̀ lẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ lẹ ti ń fa ẹrù yín jáde. Díńgí inú ọkọ̀ kò lè ran dẹ́rẹ́bà lọ́wọ́, nítorí orí èrò àti àpò gàrí ti dí i. Díńgí ọ̀tún yẹn ni ojú rẹ̀. Bó bá ti fọ́, igbe "Máa lọ!" láti ẹnu kọ̀ńdọ́ nìkan ló kù tó gbẹ́kẹ̀ lé. Bí kọ̀ńdọ́ bá wá ń ka ṣéńjì lọ́wọ́ ńkọ́?

GÍLÁÀSÌ WO NI KÍ WỌ́N RÀ?

Oríṣi méjì ló wà. Èkíní tẹ́ pẹrẹsẹ bíi díńgí tí a fi ń wojú nílé. Ó ń fi nǹkan hàn bó ṣe tóbi gan-an, ṣùgbọ́n ibi tó ń fi hàn kò fẹ̀. Èkejì yọ ikùn díẹ̀ síta. Èyí ń fi ibi tó fẹ̀ hàn, àmọ́ ohun gbogbo á kéré, á sì dà bíi pé ó jìnnà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára díńgí ọ̀tún tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá pé ohun tó wà nínú rẹ̀ súnmọ́ ju bó ṣe hàn lọ. Oníkùn yìí ló dára jù fún ọ̀tún.

Kí ẹni tó ń lọ sí Ládipọ̀ ní Mushin tàbí Arárọ̀mí ní Ìbàdàn mú èyí tó fọ́ dání, kó fi wé tuntun. Bí kò bá rí irú rẹ̀, oníṣẹ́ gíláàsì lè fi dáyámọ́ńdì gé pẹrẹsẹ fún un. Ó sàn ju òfìfo lọ, ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà gbọ́dọ̀ máa yíjú wo ẹ̀gbẹ́ dáadáa. Èyí tí wọ́n ń kiri lójú títì, ẹ ṣọ́ra fún un. Ó lè jẹ́ pé ara ọkọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti yọ ọ́.

BÍ WỌ́N ṢE Ń PÀÁRỌ̀ RẸ̀

Kí wọ́n kọ́kọ́ lẹ téèpù bo èyí tó fọ́ kó má fọ́n ká. Kí wọ́n fi aṣọ tó nípọn wé ọwọ́, kí wọ́n sì dáàbò bo ojú. Bó bá jẹ́ rọ́bà ló dì í mú, kí wọ́n rọra bó rọ́bà náà. Bó bá jẹ́ ìkọ́ ni, kí wọ́n máa fi sukudiráfà gbé e létí díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni, kí wọ́n fi aṣọ tí a rì bọ omi gbígbóná lé e kó rọ̀, kí wọ́n tó ha á.

Kí wọ́n gé páálí tó bá ilé díńgí mu rẹ́gí kí wọ́n tó gé gíláàsì. Kí wọ́n fi òkúta tútù pa etí gíláàsì kó má bàa gé èèyàn lọ́wọ́. Ìdọ̀tí àti epo gbọ́dọ̀ kúrò nínú ilé rẹ̀, kó sì gbẹ. Gọ́ọ̀mù silicone tó ń rùn bíi fínígà kò dára, ó máa ń jẹ fàdákà ẹ̀yìn díńgí. Kí wọ́n béèrè èyí tí kì í rùn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi téèpù dì í mú di ọjọ́ kejì kí ọkọ̀ tó jáde. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé dára fún iṣẹ́ yìí.

Tó bá gbẹ tán, kí dẹ́rẹ́bà jókòó sí àyè rẹ̀ kó tó tún un ṣe. Kó rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ díẹ̀, kí òpin ọ̀nà sì wà láàárín díńgí.

Ẹ MÁ DÁKẸ́ O

Òfin ìrìnnà sọ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní díńgí. Ṣùgbọ́n Ródù Séfútì tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988 kò lè wà nínú gbogbo dánfó. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Bọ̀dá dẹ́rẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, díńgí yín ti fọ́, ẹ má tíì lọ o, ẹrù mi ṣì wà nílẹ̀." Ẹ jẹ́ kí kọ̀ńdọ́ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má gba ẹ̀yìn ọkọ̀ kọjá. Ìfura loògùn àgbà.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ àti dẹ́rẹ́bà, ẹ pín owó gíláàsì sí méjì, kí olúkúlùkù san ìdajì. Owó náà kò tó ti ọsibítù. Àbí ẹ̀yin rò ó sí ibòmíràn? Ta ló yẹ kó san án? Ẹ kọ lẹ́tà sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ síbí.